Ewé Rọ́bà Tí Odò Tètè Jẹ Tán

Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kọkànlá, 2024

Ìpàdé ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní Uselu. Mo pẹ́ dé. Kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ láti Ogida tò fún epo, awakọ̀ sì tún bu owó lé owó ọkọ̀ nígbà tí a gúnlẹ̀, ó ní epo ti tún wọ́n.

Wọ́n ti ń bá ọ̀rọ̀ adágún ẹja lọ kí n tó jókòó. Ẹgbẹ́ fẹ́ gbẹ́ mẹ́jọ mìíràn kún mẹ́jọ tó wà lẹ́yìn Ekiadolor. Àwọn ará abúlé tó ni ilẹ̀ yóò jókòó lé e lórí nínú oṣù kejì, wọ́n sì ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé tó bá àwọn sọ̀rọ̀ nígbà àkọ́kọ́. Èmi nìyẹn. Bámidélé, alága wa, gbá mi léjìká. Ó ní, "Láolú, iṣẹ́ kékeré ni. Dìde, sọ fún wọn pé omi wa ń bọ́ odò wọn, jókòó padà, kí a jẹun." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọdún tí a ti wà níbẹ̀, wàhálà kan ṣoṣo tó tíì ṣẹlẹ̀ ni ti Osayi, ọmọ abúlé náà tó da gamalíìnì, oògùn apakòkòrò, sódò ní ọdún 2019 tí edé fi tán, tí wọ́n sì lé e kúrò nílùú.

Mo mi orí bíi pé mo gbà. Osayi kò da nǹkan kan sódò. Ó ti pẹ́ tí mo ti fura, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní fún Morọ́láyọ̀ ìyàwó mi kí ó tó kú. Lónìí náà, orí ni mo mì.

Àìkú, 1 Oṣù Kejìlá

N kò gbọ́ ìwàásù. Mo ń ro ọdún 2015, nígbà tí adágún wa jẹ́ méjì péré, ti ìdánwò. Mo di ewé rọ́bà sínú àpò àwọ̀n, mo rì wọ́n sínú odò, díẹ̀ lókè ibi tí omi adágún ti ń wọlé, díẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ewé ìsàlẹ̀ ti jẹrà ju ti òkè lọ fíìfíì. Mo kó àpò mi, mo lọ bá àwọn àgbà, mo ní, odò yín ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fún wa ní ilẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì dé ìdajì nígbà náà. N kò padà lọ wo ohun tí odò yóò jẹ títí òjò yóò fi dé. Bẹ́ẹ̀, èmi kan náà ni mo máa ń já máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kó àpò wọn kí ewé tó tán níbi méjèèjì. Ẹgbẹ́ fẹ́ gba ilẹ̀ kí ọdún tó yí, èmi sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé ìwé tí mo kà wúlò fún wọn.

Mo máa tún àpò yẹn rì. Lọ́tẹ̀ yìí, n ó fi wọ́n sílẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kejìlá

Mo ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ní Uselu. Obìnrin tó tà á bi mí pé ọmọ mélòó ni mo fẹ́ fi bò. Mo ní ewé ni. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, owó ló gbà.

Alẹ́, mo ń rán an, Fadékẹ́ ọmọ mi ti báńkì dé. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bá mi fi abẹ́rẹ́ gba ojú òwú.

"Dádì, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin kì í ṣe ẹni tó ń wọ odò kiri. Kí lẹ fẹ́ fi gbogbo eléyìí ṣe?"

Mo ṣàlàyé fún un. Bí ewé bá bọ́ sómi, olú omi ló kọ́kọ́ ń gbé inú rẹ̀. Ìbátan olú inú igbó ni, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí i. Òun ló ń sọ ewé di rírọ̀, tó ń fi adùn sí i, kí edé àti akàn tó lè jẹ ẹ́.

"Bí ìgbà tí èèyàn fi bọ́tà pa búrẹ́dì gbígbẹ."

Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Omi tó ń ti inú adágún jáde ní ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ẹja jẹ kù. Ajílẹ̀ ni fún olú omi. Olú á pọ̀ sí i, á sì yára jẹ ewé.

"Ó dáa náà nìyẹn. Kí ló wá burú níbẹ̀?"

Mo ní ohun tí èmi náà wí nìyẹn ní ọdún 2015. Ó ń retí kí n parí ọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń wá abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kejìlá

Mo ti rì wọ́n. Adéṣínà, tó ń bójú tó adágún fún ẹgbẹ́, bá mi gbé òkúta tí a fi tẹ àpò mọ́lẹ̀. Lókè, omi mọ́ débi pé mo ń rí ẹsẹ̀ ara mi, edé sì ń tọ́ ọ wò. Ní ìsàlẹ̀, omi ń rùn bí agolo oúnjẹ ẹja. Mo yọ̀ nínú ẹrẹ̀, orúnkún ọ̀tún mi ti wú. Mo fi omi gbígbóná jó o. N kò jẹ́ kí Fadékẹ́ rí i.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kejìlá

Mo fa díẹ̀ yọ wò. Ti òkè ṣì le bíi páálí. Ti ìsàlẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ni ó fà ya. Adéṣínà fi fóònù ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí wọ́sáàpù ẹgbẹ́ kí n tó nu ọwọ́. Nígbà tí mo fi dé Ogida, àdúrà ti kún ojú fóònù mi. Bámidélé ní ọpọlọ mi kò ní dàrú láé. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan, mo pa á rẹ́. Mo tún òmíràn kọ, mo pa á rẹ́. Mo fi "àmín" ránṣẹ́.

25 Oṣù Kejìlá

Fadékẹ́ se ìrẹsì. Ẹja àrọ̀ láti inú adágún wa ló wà lórí rẹ̀. Mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kìíní, 2025

Ọyẹ́ mú. Ètè mi ti là. Ewé rọ́bà ti ń wọ́ lórí igi, gbogbo ojú ọ̀nà Ekiadolor pupa.

Mo bu ìfófó orí omi sínú ìgò, mo gbé maikirosíkóòpù àtijọ́ jáde lábẹ́ ibùsùn. Inú ìfófó ni irúgbìn olú omi máa ń há sí. Ti òkè: oríṣiríṣi, àwọn kan bí ìràwọ̀, àwọn kan ní apá mẹ́rin, àwọn kan ká bí ìwo àgbò. Mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe rẹwà tó. Ti ìsàlẹ̀: ó pọ̀ ju ti òkè lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tó mọ ajílẹ̀ jẹ ti lé àwọn yòókù.

Mo lè ti rí èyí ní ọdún 2015. Abẹ́ ibùsùn yìí náà ni maikirosíkóòpù wà.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kìíní

Ọ̀sẹ̀ kẹfà pé lónìí. Ohun tí mo rí ní ọdún 2015 ni mo tún rí, kò yàtọ̀ rárá. Ibi tí mo ti palẹ̀ mọ́ nìyí.

Adéṣínà ti mú àpò ìrẹsì wá kí n kó ẹrù sí. Mo ní n kò tíì ṣe tán. Ó jókòó sórí òkúta, ó ń wò mí.

"Bàbá, kí lẹ ń wá?"

Mo ní mo fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹ́ kù.

Kì í ṣe òpònú. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, bí ọmọ tó ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹ rántí pé ẹja yìí ló gbé Màmá délé."

Mo rántí. Owó adágún ló ra pósí Morọ́láyọ̀, òun ló gba ọkọ̀ tó gbé e dé Ọ̀wọ̀, òun ló bọ́ àwọn tó bá mi sìn ín. Gbogbo ẹni tó bá kú nínú wa ni ẹgbẹ́ ń gbé relé bẹ́ẹ̀. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó sùn sí itẹ́ òkú àjèjì láti ọdún tí adágún ti ń mówó wọlé. Mo gbá Adéṣínà lẹ́yìn.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kìíní

Àpò ìsàlẹ̀ ti ṣófo. Iṣan ewé díẹ̀ ló kù, bí egungun ẹja tí ológbò lá. Mo rò pé àpò mi nìkan ni, mo rìn lọ sí ìsàlẹ̀ títí orúnkún fi kọ̀. Yanrìn lásán ni. Ewé tuntun tó ń bọ́ láti ọjọ́ yìí wá náà, olú ti jẹ ẹ́ tán bí ó ṣe ń balẹ̀. Kò sí edé kan. Mo padà sí òkè: ewé tẹ́ bíi ẹní, èyí tó wà nínú àpò mi kù tó ìdajì, edé sì rọ̀ mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti gbọ̀n wọ́n dànù.

Òjò ṣì jìnnà. Odò ìsàlẹ̀ ti jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, yóò sì gbààwẹ̀ títí di oṣù kẹta. Ọdọọdún ni. Ó kú díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ rere tí mo sọ nípa rẹ̀.

Màmá Uyi, obìnrin kan ní abúlé náà, bá mi níbẹ̀, ó wá yọ ẹ̀gẹ́ tó rẹ sínú omi. Ó mọ̀ mí. Ó pè mí ní Prọfẹ́sọ̀ Ewé, ó ní mo ti gbẹ, ó ní ṣé ewé ni èmi náà ń jẹ ni. Mo bi í léèrè edé. Ó ní Osayi ti pa á tán, kò sì padà wá. Mo ní gamalíìnì kì í dúró sínú omi tó ń ṣàn títí ọdún mẹ́fà. Ó ṣe hùn-ún, ó ń gbọn ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tí n kò mọ̀. Ìyá Osayi kú ní ọdún 2022. Osayi ni àkọ́bí, òun ló yẹ kó ṣe gbogbo ètò ìsìnkú, ṣùgbọ́n ó dé ẹnu ọ̀nà abúlé, wọn kò jẹ́ kó wọlé. Ó dúró sójú títì títí ilẹ̀ fi ṣú. Àbúrò rẹ̀ ló sin ìyá. Màmá Uyi ní, "Èmi gan-an wà lára àwọn tó hó lé e." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀.

Ọdún 2022 ni a gbé Morọ́láyọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀.

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kejì

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Fadékẹ́. Kò sunkún, kò bínú. Ó pa tẹlifíṣàn. Ó bi mí bóyá mo gbọ́ ní ọdún tí wọ́n lé ọkùnrin náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Adéṣínà ló sọ ọ́ fún mi, mo sì dáhùn pé àwọn èèyàn kan burú. Ó tún bi mí ìdí tí n kò fi sọ̀rọ̀. Mo ní ìyá rẹ̀ ti ń ṣàìsàn nígbà náà.

"Ẹ má fi Mọ́mì ṣe àwáwí, Dádì."

Ó wọ yàrá rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Kí àìsàn tó dé ni mo ti gbọ́.

Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kejì

Mo rí Osayi. Kò fara pamọ́. Uselu ló wà, ó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọgbà àwọn mẹkáníìkì, mo sì ti ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ìpàdé láti ìgbà yìí wá. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Nígbà tí wọ́n lé e, Ọ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ sá lọ, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́.

Ó ń yọ táyà kẹ̀kẹ́ kan. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ àti ohun tí mo wá sọ. Kò dáwọ́ dúró. Ó ti táyà bọnú omi, ó ń wá ibi tó ti jò.

"Wọ́n bi mí pé, bí kì í bá ṣe ìwọ, ta ni? Prọfẹ́sọ̀ ti ní omi dára. Adágún kò ṣe é. Ọlọ́run kò ṣe é. Ta ni mo fẹ́ dárúkọ?"

Mo ní kí ó dárí jì mí. Ó ní kí n sún sẹ́yìn, mo dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ òun lójú. Mo sún sẹ́yìn. Ó rí ibi tó jò, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ó lẹ̀ ẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ san owó, ó lọ. Ìgbà náà ló tó wò mí.

"Ṣé èmi nìkan lẹ fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Mo ní rárá. Mo ní n ó sọ ọ́ níbi ìpàdé abúlé. Ó ní, "Ẹ lọ sọ ọ́ ná."

Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kejì

Mo lọ bá Bámidélé nílé. Mo kà á sí ọ̀rẹ́, kò yẹ kó jẹ́ gbangba ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó gbọ́ mi délẹ̀. Kò pariwo. Ó ní bí omi bá ń ba odò jẹ́, a ó gbẹ́ kòtò tí omi yóò ti sinmi kó tó ṣàn jáde, a ó gbin koríko omi sínú rẹ̀ kó fa ajílẹ̀ náà mu. Ẹgbẹ́ kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n a ó ṣe é. Ó ní kí n sọ ìyẹn. "Ti ọmọ yẹn, fi í sílẹ̀. Bí o bá dárúkọ rẹ̀, wọn kò ní sọ pé Láolú ṣì í. Wọn á ní àwa Yorùbá la pa odò wọn, tí a fi ọmọ wọn dí i."

Mo ní ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ó dìde. "Ẹni àádọ́rin lé lèmi àti ìwọ. Ìgbà tó bá tó àkókò rẹ, ta ni yóò gbé ọ relé? Osayi?"

N kò sùn títí di òwúrọ̀. Èyí tí Bámidélé mú wá dùn ún gbà. Yóò tún odò ṣe. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kejì

Mo ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á.

Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kejì

Abẹ́ igi ni wọ́n to àga sí. Odiọnwere, àgbà tó ń ṣe olórí abúlé, jókòó láàárín, àwọn ará ẹgbẹ́ wa lápá kan. Mo gbé àpò méjì dání, ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé wọn yíká. Èyí tó ní ewé, edé gbígbẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tó ṣófo, obìnrin kan yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá ohun tó wà níbẹ̀.

Mo sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, akọ̀wé wọn ń túmọ̀. Mo ní, ní ọdún 2015 mo sọ fún yín pé odò tó ń yára jẹ ewé ni odò tó lera. Mo ṣì yín lọ́nà. Ó ń yára jẹ oúnjẹ oṣù mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ebi sì ń pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Èyí ló pa edé. Kò sí gamalíìnì. Osayi kò ṣe nǹkan kan.

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Odiọnwere ti darúgbó jù mí lọ. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn etí.

"Ọdún tí a lé e, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"O mọ̀ pé kì í ṣe òun?"

"Mo fura."

"O sì dákẹ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo dákẹ́.

Ó ní àwọn kò ní fún ẹnikẹ́ni ní àyè adágún tuntun. Èyí tó wà, kí a gbẹ́ kòtò ìsinmi omi kí òjò tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a kó ẹja wa lọ. Ó ní kí wọ́n lọ sọ fún Osayi pé ọ̀nà ti ṣí. Màmá Uyi wà lẹ́yìn, ó fi ìborùn bo ẹnu. Kò wò mí.

Bámidélé bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Mo rìn dé ojú títì kí n tó rí ọkọ̀.

Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kejì

Ẹgbẹ́ ti yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tí wọn yóò gbé relé. Adéṣínà ló pè láti sọ fún mi. Ó ní àwọn ti bẹ̀rẹ̀ kòtò náà, ṣé kó jìn dé àyà ni àbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ? Mo ní kó fẹ̀ ju kó jìn lọ. A sọ̀rọ̀ koríko omi títí kírẹ́díìtì rẹ̀ fi tán.

Fadékẹ́ ní òun ni yóò gbé mi relé. Mo ní kò sí ohun tó ń lé wa. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo sọ ọ́ fún un.

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹta

Òjò àkọ́kọ́, kò pẹ́. Osayi pè mí ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní wọ́n ti dá ọjọ́ fún òun láti wá ṣe ohun tó yẹ fún ìyá òun. Mo kí i. Kò dáhùn ìkíni mi.

Ó ní, "Àwọn ará abúlé ti gbọ́. Màmá mi kò gbọ́ kó tó lọ. Ẹ máa bọ̀ wá sọ ọ́ fún un."

Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Ẹ̀yìn ilé ni ibojì ìyá Osayi wà. Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ. Àwọn ẹbí tó bá a wá dúró yíká, Osayi wọ aṣọ funfun, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú fún iṣẹ́ táyà. Ó ní kí n máa sọ ọ́ ní Yorùbá, òun yóò máa túmọ̀ rẹ̀ fúnra òun.

Mo bọ́ fìlà. Mo dárúkọ mi. Mo ní, èmi ni mo sọ pé omi náà dára. Osayi túmọ̀ rẹ̀. Mo ní, ọmọ yín kò da nǹkan kan sínú odò. Ó túmọ̀ rẹ̀. Mo ní, mo mọ̀, mo sì dákẹ́ títí ẹ fi kú.

Èyí kò tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó yí ojú sí ibòmíràn. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ obìnrin di apá rẹ̀ mú. Ó wá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ.

Alùpùpù kan dúró níwájú ilé nígbà náà. Àbúrò rẹ̀ ni, èyí tó sin ìyá dípò rẹ̀, tí wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà. Ó wá dúró ní ẹ̀yìn gbogbo wa, kò bọ́ akoto. Osayi rí i. Ó yíjú sí mi.

"Kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ.